Ìtàn àròsọ àfarawé Fágúnwà

Ìtàn àròsọ àfarawé Fágúnwà jẹ́ ẹ̀yà kan nínú lítíréṣọ̀ àpilẹ̀kọ Yorùbá. Nínú rẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé gbé ìtàn tuntun kalẹ̀ sínú irú ayé tí D. O. Fágúnwà ṣe àpèjúwe rẹ̀ nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), èyí tí í ṣe ayé ọdẹ, ayé igbó kìjikìji, ayé iwin àti àǹjọ̀nú, ayé ìrìn-àjò tí ènìyàn lọ tí ó sì padà wá ròyìn. Láàárín ọdún 1950 sí 1970 ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde jù lọ. Àwọn tí wọ́n kọ wọ́n ti jẹ́ òǹkàwé Fágúnwà kí wọ́n tó di òǹkọ̀wé fúnra wọn. Ìdí nìyí tí a fi lè fi iṣẹ́ wọn wé ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní fanfiction, ìyẹn ìtàn tí olólùfẹ́ ìwé kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ láti fi mú ayé inú ìwé náà gùn sí i.

Èrò àwọn òǹkàwé kò ṣọ̀kan nípa wọn. Àwọn kan rí wọn gẹ́gẹ́ bí ìtẹ̀síwájú àlọ́ tí kò ní olówó, àwọn kan ní olè jíjà ni, àwọn mìíràn sì gbà pé wọn kì í ṣe olè, ṣùgbọ́n pé kò sí èyí tí ó dé ibi tí Fágúnwà dé.

Ìfiwéra pẹ̀lú fanfiction

Ní Amẹ́ríkà, àwọn olólùfẹ́ eré tẹlifíṣọ̀n Star Trek ti ń tẹ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìròyìn kékeré láti ọdún 1967, nígbà tí Spockanalia jáde. Ní ọdún 2019, ibi ìkójọ irú ìtàn yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Archive of Our Own, gba àmì-ẹ̀yẹ Hugo. Ìyàtọ̀ wà láàárín èyí àti ti Yorùbá. Olólùfẹ́ ìwé ní òkè òkun kì í sábà yí orúkọ ẹ̀dá ìtàn padà. Orúkọ náà gan-an ni ó fẹ́, kì í sì í sábà ta ohun tí ó kọ. Àwọn ọmọlẹ́yìn Fágúnwà ní tiwọn yí orúkọ padà. Wọn kò mú Akàrà-ògùn, wọ́n dá akọni tiwọn; wọn kò mú Igbó Irúnmalẹ̀, wọ́n wá igbó mìíràn, tàbí kí wọ́n kúrò nínú igbó lọ sínú omi. Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ó tẹ̀ wọ́n jáde, tí wọ́n sì ń tà wọ́n. Ohun tí wọ́n mú lọ́wọ́ Fágúnwà ni ìlànà ìtàn, irú àwọn tí ń gbé inú rẹ̀, àti jù gbogbo rẹ̀ lọ, ohùn ẹni tí ń sọ ọ́.

Orírun

Dáníẹ́lì Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, ni a bí ní ọdún 1903. Ìwé márùn-ún ni ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká: Ògbójú Ọdẹ (1938), Igbó Olódùmarè (1949), Ìrèké Oníbùdó (1949), Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje (1954) àti Àdììtú Olódùmarè (1961). Ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìwé rẹ̀ fi jẹ́ ìwé kíkà ní ilé-ẹ̀kọ́ jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó kọ́ bí a ti ń ka Yorùbá, inú igbó Fágúnwà ni ó ti parí ẹ̀kọ́ náà.

Fágúnwà fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ mú ìtàn ara rẹ̀ gùn. Lẹ́yìn tí ó ti sọ ti Akàrà-ògùn nínú ìwé àkọ́kọ́, ó padà sẹ́yìn nínú Igbó Olódùmarè láti sọ ti Olówó-ayé, bàbá Akàrà-ògùn. Ó sì jẹ́ ẹni tí ń yá nǹkan lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ayọ̀ Bámgbóṣé, tí ó kọ ìwé àkọ́kọ́ tó jinlẹ̀ lórí rẹ̀, The Novels of D. O. Fagunwa (1974), tọ́ka sí àlọ́ Yorùbá, Bíbélì àti ìwé John Bunyan gẹ́gẹ́ bí ara àwọn orísun rẹ̀. Ìwé Bunyan yìí ti wà ní èdè Yorùbá láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí David Hinderer, míṣọ́nnárì tí ó gbé Ìbàdàn, túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìrìn-àjò àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó, tí ó sì ti ka ìrìn-àjò Kristẹni inú ìwé Bunyan, kò ní ṣàì rí i pé ọ̀nà méjèèjì jọ ara wọn. Ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí òǹkàwé Yorùbá pe Fágúnwà ní aláfarawé nítorí èyí. Ohun tí ó yá ti di ti Yorùbá pátápátá nípa èdè rẹ̀, ibẹ̀ sì ni òṣùwọ̀n tí a fi wọn àwọn tó tẹ̀lé e ti wá.

Àwọn ìwé

J. Ògúnṣínà Ògúndélé ni a sábà máa ń dárúkọ ṣáájú nínú àwọn ọmọlẹ́yìn wọ̀nyí. Ìwé rẹ̀ méjì, Ibú Olókun àti Èjìgbèdè Lọ́nà Ìsálú-Ọ̀run, jáde ní ọdún 1956. Àkọlé wọn ti fi hàn pé ó mọ ibi tí Fágúnwà ti gbà kọjá, ó sì wá ọ̀nà mìíràn: ọ̀kan dojú kọ ìsàlẹ̀ omi, èkejì dojú kọ ọ̀run. D. J. Fátànmí kò jìnnà sí ọ̀gá tó bẹ́ẹ̀. Kórìmálẹ̀ Nínú Igbó Àdìmúlà (1967) rí bí ọmọ ìyá Ògbójú Ọdẹ láti orí àkọlé: orúkọ akọni, ọ̀rọ̀ náà «nínú igbó», lẹ́yìn náà orúkọ igbó.

Kì í ṣe gbogbo ìwé àkókò náà ni ó tọ ọ̀nà yìí. Ayé Rèé! ti Adékànmí Oyèdélé ti jáde ní ọdún 1947, Ayé D'Ayé Òyìnbó ti Isaac Délànọ̀ sì jáde ní ọdún 1955. Ọ̀rọ̀ ènìyàn láàárín ènìyàn ni àwọn méjèèjì ń sọ. Kódà ṣáájú Fágúnwà, I. B. Thomas ti tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, láti ọdún 1929 sí 1930, ní irísí lẹ́tà tí obìnrin náà ń kọ. Àwọn òǹkàwé Èkó sì ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà nípa Ṣẹ̀gilọlá bí ẹni pé aládùúgbò wọn ni. A lè sọ pé níbẹ̀ ni òǹkàwé Yorùbá ti kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ bọ inú ìtàn tí wọ́n ń kà lọ́wọ́.

Ọ̀ràn Amos Tutùọlá

Ọ̀ràn tí ó gbóná jù nínú gbogbo èyí kò ṣẹlẹ̀ ní èdè Yorùbá rárá. Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní ọdún 1920, kò kàwé púpọ̀. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ni ó jẹ́ ní Èkó. Ní ọdún 1952, ilé-iṣẹ́ Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde. Ìtàn ọ̀mù kan ni, tí adẹ́mu rẹ̀ kú, tí ó sì wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Akéwì Dylan Thomas yìn ín nínú ìwé ìròyìn Observer ní oṣù Keje ọdún náà, orúkọ Tutùọlá sì kàn káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Ní ilé, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n sọ. Ní ọdún 1954, lẹ́tà àwọn òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn West Africa. Èyí tí a rántí jù ni ti Babáṣọlá Johnson. Ó ní kò yẹ kí wọ́n tẹ ìwé náà jáde rárá, pé Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kò rí bí Gẹ̀ẹ́sì ẹnikẹ́ni, àti pé inú Ògbójú Ọdẹ ni òǹkọ̀wé ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn náà.   Adéàgbò Akínjógbìn, tí ó di gbajúgbajà onímọ̀ ìtàn lẹ́yìn náà, kọ lẹ́tà tirẹ̀ ní ọdún kan náà. Ẹ̀rù tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀: ó wòye pé ohun tí àwọn òyìnbó fẹ́ràn nínú ìwé náà ni pé ó bá èrò òdì tí wọ́n ní nípa ilẹ̀ Áfíríkà mu.

Ẹ̀sùn méjì ni ó wà níbẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ dà wọ́n pọ̀. Ti èdè àti ojú ẹ̀tẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ àkókò ìjọba òyìnbó, nígbà tí àwọn tó kàwé ń ṣọ́ bí ayé ṣe ń wò wọ́n. Ti olè jíjà ni ó kan àkòrí yìí. A lè yẹ̀ ẹ́ wò láti inú apá kan tí àwọn òǹkàwé òkè òkun fẹ́ràn gidigidi nínú ìwé Tutùọlá: ti okùnrin arẹwà kan tí ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé láti ọjà, tí ó sì ń dá ẹ̀yà ara tí ó yá padà fún àwọn tó ni wọ́n lójú ọ̀nà, títí ó fi ku agbárí nìkan. Àlọ́ yìí wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ó sì wọ́pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ mìíràn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. A kò lè sọ pé Tutùọlá jí i lọ́wọ́ Fágúnwà, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè sọ pé Fágúnwà ni ó ni ín. Ṣùgbọ́n bí a bá kúrò lórí àlọ́, tí a bọ́ sórí ìtò ìtàn, bí akọni ṣe ń ti ọwọ́ abàmì kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, tí ó ń ròyìn rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí oògùn ń gbà á là, ipa Fágúnwà hàn gbangba. Bernth Lindfors ṣe ìfiwéra yìí ní ọdún 1970 nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó fi kọ gbèsè àti dúkìá Tutùọlá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó gbà pé ó jẹ gbèsè, síbẹ̀ ó gbà pé ohun tí ó fi gbèsè náà ṣe jẹ́ tirẹ̀. Abíọ́lá Ìrèlé lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1975: ó to Fágúnwà, Tutùọlá àti Wọlé Ṣóyínká sórí ìlà kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí àrólé àṣà kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Fágúnwà ni ó fi ṣe olórí nípa ọgbọ́n èdè. Nígbà tí ó fi di ọdún 1977 tí Chinua Achebe sọ̀rọ̀ lórí The Palm-Wine Drinkard ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀kọ́ ìwà lórí iṣẹ́ àti fàájì ni ó rí nínú rẹ̀, kì í ṣe ìwé tí ń kó ìtìjú báni.

Tutùọlá kú ní ọdún 1997. Ìyìn tí ó gbà ní ilẹ̀ òkèèrè ṣáájú èyí tí ó gbà ní ilé, ẹ̀sùn ọdún 1954 sì wà lára ohun tó fà á.

Ohun tí àwọn òǹkàwé fẹ́ràn, àti ohun tí wọ́n kọ̀

Bí òǹkàwé Yorùbá bá ń dá irú ìwé yìí lẹ́jọ́, èdè ni ó kọ́kọ́ ń wò. Òwe, ìfọ̀rọ̀dárà, àsọdùn, àtúnwí, àti gbólóhùn gígùn tí ń dún bí ẹni ń ki oríkì ni wọ́n ń wá. Ìwé tí a lè ka sókè ní ìrọ̀lẹ́ kí agboolé sì rẹ́rìn-ín ni ìwé tó dára. Ìdùnnú kejì wà nínú mímọ̀ tẹ́lẹ̀: òǹkàwé mọ̀ pé akọni yóò pàdé abàmì, pé abàmì náà yóò ní orúkọ gígùn àti ara tí kò bá ti ènìyàn mu, pé wọn yóò fọ́nnu sí ara wọn kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó ti mọ èyí kò dín adùn rẹ̀ kù, bí mímọ àlọ́ Ìjàpá kò ti ń dín adùn àlọ́ kù.

Àléébù tí a sábà máa ń kà sí wọn lọ́rùn tún ti ibẹ̀ wá. Wọ́n ní orúkọ iwin nìkan ni ó yí padà; wọ́n ní ìṣẹ̀lẹ̀ kan kò bí òmíràn, pé a kàn to wọ́n bí ìlẹ̀kẹ̀ ni; wọ́n ní ìwàásù pọ̀ jù. Ó yẹ kí a rántí pé àléébù ìkẹyìn yìí wà lára Fágúnwà náà. Ṣùgbọ́n Fágúnwà mọ ìgbà tí yóò fi ẹ̀fẹ̀ kan tẹ̀lé ìwàásù, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀lé e kò sì ní ọgbọ́n yìí. Wọ́n kọ́ ìrìn rẹ̀ láìkọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Àṣà alohùn Yorùbá kò rí àfarawé bí ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ oníjàlá a máa tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ títí yóò fi mọ ohun tí ọ̀gá mọ̀, kí ó tó máa fi tirẹ̀ kún un. Adébóyè Babalọlá ṣàlàyé ẹ̀kọ́ṣẹ́ yìí nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá (1966). Níbẹ̀, ẹni tí kò fi nǹkan kan kún un ni a ń bá wí, a kì í bá ẹni tí ó mú nǹkan lọ́wọ́ ọ̀gá wí. Ìwé títẹ̀ ni ó mú èrò mìíràn wá, pé ìtàn ní orúkọ ẹnìkan lára. Àríyànjiyàn lórí àwọn ọmọlẹ́yìn Fágúnwà jẹ́ ibi tí òfin méjèèjì ti pàdé, tí òǹkàwé kan náà sì lè gbé ọ̀kan lé èjìká ọ̀tún àti èkejì lé ti òsì.

Ilẹ̀ Yewa

Ilẹ̀ Yewa, tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò tẹ́lẹ̀, wà ní ẹ̀gbẹ́ ààlà Nàìjíríà àti Benin ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní àwọn ìlú ẹ̀bá ààlà bí Ìhunbọ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá, ìyàtọ̀ láàárín àlọ́ àti ìwé hàn ju ti ibòmíràn lọ. Àlọ́ ọdẹ àti iwin kò mọ ààlà. Bí a ti ń pa á ní Ìhunbọ̀ ni a ń pa á ní Ṣàkẹ́tẹ́ àti Pọ́bẹ̀ ní òdì kejì. Ṣùgbọ́n Fágúnwà mọ ààlà. Ọmọ tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní apá Nàìjíríà bá a pàdé nínú ìwé kíkà. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọmọ tí ó wà ní apá Benin, Yorùbá tí a sì ń kọ níbẹ̀ ń lo ɛ àti ɔ níbi tí ti Nàìjíríà ti ń lo ẹ àti ọ. Nítorí náà, àwọn ọmọ ìyá kan náà lè gbọ́ ìtàn kan náà, kí ọ̀kan pè é ní ti Fágúnwà, kí èkejì sì pè é ní ti ìyá àgbà.

Ilẹ̀ yìí kan náà ni méjì nínú àwọn òǹkọ̀wé tó mú ìtàn àròsọ Yorùbá jáde kúrò nínú igbó ti wá. Afọlábí Ọlábímtán (1932–2003), ọmọ Ìláró, tẹ Kékeré Ẹkùn jáde ní ọdún 1967, ọdún kan náà tí Fátànmí ṣì ń wọ Igbó Àdìmúlà. Kò sí iwin tí akọni ń bá jà níbẹ̀. Ìgbésí ayé ìgbèríko ni, pẹ̀lú ìjà tó wà láàárín ẹ̀sìn Kristi àti ìṣe àbáláyé. Kì í ṣe pé Ọlábímtán kò ka Fágúnwà sí. Olùkọ́ Yunifásítì Èkó ni, ó sì kọ àpilẹ̀kọ lórí ẹ̀sìn nínú àwọn ìwé Fágúnwà. Ó di sẹ́nétọ̀ fún Ìwọ̀-oòrùn Ògùn ní ọdún 1999. Kọ́lá Akínlàdé, ọmọ Ayétòrò, gba ọ̀nà mìíràn: ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Akin Olúṣínà, ẹni tí ń wádìí ọ̀ràn nínú Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? (1971) àti Owó Ẹ̀jẹ̀ (1976), kì í lo oògùn. Ìbéèrè ni ó ń bi ènìyàn. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti fi Lápàdé, ọlọ́pàá tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣáájú rẹ̀ nínú Àjà Ló Lẹrù (1969). Ó yẹ kí a sọ pé àfarawé kò tán síbẹ̀. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní àwọn ọ̀gá tirẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sherlock Holmes sì wà lára àwọn ẹ̀dá ìtàn tí olólùfẹ́ ti kọ ìtàn kún ìtàn wọn jù ní gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́ kí òǹkàwé Yorùbá pe Akínlàdé ní olè nítorí èyí, bóyá nítorí pé ọ̀gá tí ó wà ní òkèèrè kì í ṣe ẹni tí a jọ jókòó.

Lórí ìtàgé àti nínú ìtumọ̀

Àwọn tó gbé ìtàn yìí kọjá sí orí ìtàgé kò bá irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ pàdé. Ní ọdún 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìwé Tutùọlá di eré Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó fún ọ̀mù tí kò ní orúkọ ìjọ́hun ní orúkọ, Làńkẹ́, ó sì sọ gbogbo ìrìn-àjò náà di àlá tí ọ̀mùtí lá. Èyí jẹ́ àyípadà ńlá, nítorí pé ó sọ ìtàn akọni di ìkìlọ̀ fún ọ̀mùtí. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn gba Làńkẹ́ Ọ̀mùtí tọwọ́tẹsẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ní Tutùọlá mú kúrò nínú Yorùbá ti padà sí ilé. Wálé Ògúnyẹmí ṣe Langbodo láti inú Ògbójú Ọdẹ. Eré náà ni Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní FESTAC ní Èkó ní ọdún 1977, Dàpọ̀ Adélugbà sì ni ó darí rẹ̀.

Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968, ó sì túmọ̀ Igbó Olódùmarè ní ọdún 2010. Àwọn kan kà á sí ìtumọ̀, àwọn kan ní ó súnmọ́ àtúnkọ, nítorí pé ó dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀dá inú igbó náà, bí ghommid, dípò kí ó lo èyí tó wà nílẹ̀.

Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé

Òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2022, kò dáàbò bo èrò lásán. Ọ̀nà tí a gbà gbé e kalẹ̀ ni ó ń dáàbò bò. Ọdẹ, igbó, iwin àti ìrìn-àjò kò ní olówó lábẹ́ òfin náà, nítorí náà kò sí ìdí tí Ògúndélé tàbí Fátànmí yóò fi tọrọ àyè. Ìtumọ̀ àti sísọ ìwé di eré gba ìyọ̀ǹda. Ààbò náà wà fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí òǹkọ̀wé kú. Ti Tutùọlá yóò parí ní òpin ọdún 2067. Ti Fágúnwà yóò parí ní òpin ọdún 2033; láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2034, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè kọ ìtàn tuntun nípa Akàrà-ògùn ní Nàìjíríà, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gan-an, kí ó sì tà á.